Ilé ìtajà àtijọ́ níwájú kọ́ọ̀tù: kí ni kí n ṣe kí n tó fọwọ́ síwèé agbaṣẹ́ṣe?

Oníṣọ́ọ̀bù Gbàgede

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti baálé mi ra ilé kan ní ìlú kékeré kan ní Texas níbí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì ni, igun òpópónà ló wà, ó fara ti ilé ẹlòmíì lápá kan, ó sì kọjú sí kọ́ọ̀tù káúǹtì tó wà láàrin gbàgede. Ìwé ilé sọ pé ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ la fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù aṣọ pẹ̀lú ilé ìránṣọ. Òkè ṣófo, ẹyẹlé ló ń gbébẹ̀. Wọ́n ti fi páànù alumíníọ́mù bo gbogbo iwájú òkè, òjò ń jò wọlé lápá ẹ̀yìn, mọ́tà àárín bíríkì sì ń dà sílẹ̀ tí a bá fọwọ́ kàn án.

Agbaṣẹ́ṣe tó wá wò ó ní òun máa fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yanrìn bó ọ̀dà ara bíríkì kúrò, òun máa fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú mọ́tà, òun á sì yọ fèrèsé onígi òkè kúrò kí òun fi oníke rọ́pò rẹ̀. Iye tó pè kò ga. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó ń béèrè owó àsansílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta òdòdó ní gbàgede wá sọ fún mi pé kí n dúró ná, pé ilé wa wà nínú "historic district", ìyẹn agbègbè ilé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba lè dá mi lọ́wọ́ kọ́ lórí ilé tí mo fowó ara mi rà? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bíríkìlà Àgbà

Àǹtí, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó ná.

Iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ ni mò ń ṣe jẹun ní ìpínlẹ̀ yìí. Ohun méjì àkọ́kọ́ tó lóun fẹ́ ṣe yẹn gan-an ló ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bíríkì ayé ìgbà yẹn, òde rẹ̀ ni iná jó dáadáa, inú rẹ̀ rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ yanrìn sí i, òde líle yẹn ló máa bó lọ, inú rírọ̀ á wá kọjú sí òjò. Kò sí ọ̀dà tàbí oògùn tó lè dá a padà. National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé àtijọ́, ní ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, Preservation Brief 6. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi hàn án.

Ó ku ti sìmẹ́ǹtì. Ilé 1898, mọ́tà lime ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun níná, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn. Ó rọ̀ ju bíríkì lọ, ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ sì nìyẹn. Omi tó bá wọ ògiri, ojú mọ́tà ló ń gbà jáde. Tí ooru bá mú bíríkì wú, tí òtútù mú un sún kì, mọ́tà ló ń gba ìyà náà, bíríkì á wà bó ṣe wà. Tí ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì Portland tó le ju bíríkì lọ dí i, ẹ ti dí ọ̀nà omi. Ojú bíríkì fúnra rẹ̀ ni omi máa wá ibi jáde gbà, á máa ṣí jábọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ rìn yí gbàgede yín po, ó dájú pé ẹ máa rí ògiri kan tí bíríkì ti jẹ wọnú, tí ìlà sìmẹ́ǹtì sì yọ síta.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ àti ṣísẹ́ẹ̀lì ló máa fi yọ mọ́tà tó ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yí bìrí yẹn máa ń gé etí bíríkì dànù. Jíjìn tó máa gbẹ́ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì sí méjì ààbọ̀ ìbú ojú mọ́tà. Á wá fi tuntun sí i ní ìpele ìpele, ìpele kan kò ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ, á sì máa wọ́n omi sí i kó má gbẹ lójijì. Tí ojú ọjọ́ bá lọ sílẹ̀ ju 40 lọ lórí Fahrenheit, tàbí tó kọjá 95, á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé. Ní Texas, ìyẹn túmọ̀ sí pé oṣù Keje àti Kẹjọ ò dára fún un.

Mọ́tà alápò Type S àti Type M tó wà ní ilé ìtajà irinṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó wọ ọgbà yín. Type O, sìmẹ́ǹtì 1, lime 2, yanrìn 9, ló le jù tí mo máa gbà fún irú ògiri yẹn, bíríkì tó bá tún rọ̀ jù ń fẹ́ lime gidi. Ẹ bu díẹ̀ lára mọ́tà àtijọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti irú yanrìn tó bá a mu. Ibi tí mọ́tà bá ṣì dúró, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní òun máa tún gbogbo ògiri ṣe, owó ló ń wá.

Jagun Houston

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi. Bíríkì tí kò ṣeé fọ̀, sìmẹ́ǹtì tí kò ṣeé fi dí i, òkè tí ẹyẹlé fi ṣelé. Kí ló dé tí ẹ ò tà á fún ẹni tó fẹ́ràn àtijọ́, kí ẹ gba ilé onípáànù kan ní etí títì márosẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Walmart, níbi tí oníbàárà ti máa rí ibi gbé mọ́tò sí? Òwò la wá ṣe o. A ò wá tọ́jú ilé baba ẹlòmíì.

Ará Georgetown

Jagun, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni gbogbo ìlú kékeré gbà gbọ́ láti bí ọdún 1960 wá. Ọjà ṣí lọ sí etí márosẹ̀, gbàgede dá páropáro, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó kù sì fi páànù bo ojú ilé kí wọ́n lè jọ àwọn tó lọ. Páànù tó wà lójú ilé Àǹtí, ìgbà yẹn ló ti wá.

Georgetown níbí náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú yìí wọ ètò Main Street, ètò tó ń jí ọjà àárín ìlú dìde, ní 1982. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí wọ́n fi bo iwájú ilé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di 1997 ìlú yìí wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Great American Main Street. Kọ́ọ̀tù 1911 tó wà láàrin, wọ́n tún un ṣe padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2007. Gbàgede Granbury ni gbàgede kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ní Texas tó wọ National Register, ìwé àkójọ ilé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ní 1974. Wọ́n tún ilé eré opera 1886 tó wà níbẹ̀ ṣe, wọ́n ṣí i padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó wá wo eré lálẹ́, ó máa jẹun, ó máa ra nǹkan. Ibi tí owó ti ń wọlé nìyẹn, kì í ṣe lára bíríkì.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn ìlú kan wà tí kọ́ọ̀tù wọn ń dán, tí ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà ní gbàgede ò ju mẹ́ta lọ. Àwọn tó dá ètò Main Street sílẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n fi dán an wò ní 1977: Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana, Hot Springs ní South Dakota. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ ni pé àtúnṣe ilé nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣètò gbàgede, ẹni tó ń polówó rẹ̀, àti ẹni tó ń ronú irú ọjà tó lè tà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èrò Àǹtí. Ilé ìránṣọ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Walmart.

Àǹtí, ohun tí ẹ máa ṣe lọ́la rèé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ẹ béèrè bóyá ìlú yín wà nínú ètò Main Street ti Texas. Tó bá wà nínú rẹ̀, àwọn ayàwòrán ilé wà ní Texas Historical Commission, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ilé àtijọ́ ní Austin, tí wọ́n ń ya àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù fún onílé láìgba owó. Ọ̀pọ̀ ìlú náà tún ní owó ìrànwọ́ díẹ̀ fún iwájú ilé: ẹ ná tiyín, wọ́n á fi tiwọn kún un. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Gbàgede

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó dúró. Ó bínú. Kó máa bínú.

Ọ̀rọ̀ òfin yẹn ò tíì yé mi o. Ṣé mo lè ṣe ohun tó wù mí àbí mi ò lè ṣe é?

Ará Georgetown

Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀.

National Register jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ó ń bu ọlá fún ilé, ó sì ń ṣí ọ̀nà owó, àmọ́ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ owó yín lẹ fi ń ṣe é, tí kò sí owó tàbí ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nínú rẹ̀, ẹ lè wó ilé náà lọ́la kí ẹnikẹ́ni má bi yín.

Òfin ìlú ló ní eyín. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti fi gbàgede sábẹ́ òfin ilé àtijọ́, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Certificate of Appropriateness kí ẹ tó yí ohunkóhun padà ní òde: fèrèsé, ọ̀dà, pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òrùlé tí èèyàn lè rí láti ìgboro. Inú ilé kì í sábà kàn wọ́n. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láìgbà á, wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín, wọ́n sì lè ní kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ayé wolé-wolé nílé, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Nítorí náà ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Èkó ni mo wà, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ò dùn. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square, ilé Àgùdà tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí nísàlẹ̀, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, kátapílà wó o ní Sunday. Tiwa tiẹ̀ ní òfin lórí ìwé, ẹni tó máa dúró níwájú kátapílà ni kò sí. Nígbà tí mo gbọ́ pé National Register tiyín náà ò lè dá kátapílà dúró, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kí n fi kàn án, Bàbá Bíríkìlà, ohun tí ẹ sọ nípa sìmẹ́ǹtì, ojoojúmọ́ la ń rí i níbí. Àwọn ọmọ bàbá onílé á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri alámọ̀, wọ́n á kùn ún, á dára fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ìrẹ́ náà á ṣí ní odindi, á mú amọ̀ dání.

Àǹtí Akáúǹtì

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá Jagun jàre.

Ìjọba àpapọ̀ ń fún ẹni tó bá tún ilé àtijọ́ tó ń pawó wọlé ṣe ní 20% ohun tó ná. Kì í ṣe pé wọ́n yọ ọ́ nínú èrè yín o. Nínú owó orí tí ẹ jẹ gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́, dọ́là fún dọ́là. Láti ìgbà òfin owó orí 2017, ọdún márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Texas tún ní tirẹ̀, 25%, láti 2015. Ti Texas yìí, owó orí franchise, èyí tí ilé iṣẹ́ ń san fún ìpínlẹ̀, ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré ni kì í jẹ owó orí yẹn rárá, àmọ́ òfin gbà yín láyè láti ta ẹ̀tọ́ náà fún ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ ẹ́. Ẹ ò ní rí gbogbo iye rẹ̀ gbà lọ́wọ́ olùrà, ṣùgbọ́n owó gidi lẹ máa gbà.

Ìdènà wà níbẹ̀. Fún ti ìjọba àpapọ̀, ohun tí ẹ máa ná láàrin oṣù 24 gbọ́dọ̀ ju iye ilé náà lọ. Ká ní 140,000 dọ́là lẹ rà á, tí ilẹ̀ jẹ́ 30,000 nínú rẹ̀. Ilé jẹ́ 110,000 nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ná ju 110,000 lọ lórí rẹ̀ kó tó kàn yín. Tí ẹ bá ná 150,000, ìjọba àpapọ̀ á yọ 30,000, ìyẹn 6,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún. Ti Texas á jẹ́ 37,500. Tí ọwọ́ yín ò bá ká a lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ti ya àwòrán iṣẹ́ ní ìpele ìpele ṣáájú, wọ́n lè fún yín ní oṣù 60. Ti Texas kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá: 5,000 dọ́là ni ìnáwó tó kéré jù.

Owó tí ẹ fi ra ilé kò wọ̀ ọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé tí ẹ bá kọ́ kún un kò wọ̀ ọ́. Owó ayàwòrán ilé wọ̀ ọ́, iná, omi, òrùlé, amúlétutù, gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ìwé apá mẹ́ta ló wà. Apá kìíní ń fi hàn pé ilé náà jẹ́ ara ìtàn gbàgede. Apá kejì ń ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Apá kẹta, ẹ ti ṣe é tán, ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀. Texas Historical Commission ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí, àwọn á tari rẹ̀ sí National Park Service. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ilé kí òòlù kankan tó kàn án, ìta, inú, sílìǹ, abẹ́ àtẹ̀gùn. Láìsí fọ́tò ìṣáájú, wọn ò ní mọ ohun tí ẹ yí padà, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ kí apá kejì tó padà wá. Tí fèrèsé oníke yẹn bá ti wọlé kí wọ́n tó rí i, ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdánù gbogbo owó náà nítorí fèrèsé.

Ohun kan ṣì kù. Tí ẹ bá ta ilé náà kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ máa gbà á padà: gbogbo rẹ̀ tó bá jẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́, á sì máa fi 20% dín kù lọ́dọọdún. Ẹ wá oníṣirò owó tó ti ṣe irú rẹ̀ rí kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, pàápàá tí owó oṣù baálé yín bá pọ̀, torí òfin míì wà tó ń díwọ̀n iye tí ẹ lè lò lọ́dún kan.

Jagun Houston

67,500 nínú 150,000? Ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa látàárọ̀.

Mo háyà ṣọ́ọ̀bù tèmi ni. Ṣé ó kan ayálégbé?

Àǹtí Akáúǹtì

Tí ọdún tó kù nínú ìwé ìháyà yín nígbà tí iṣẹ́ parí bá tó 39, ó kàn yín. Èmi ò mọ ayálégbé kankan tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, Jagun.

Atúwèéwò

Ẹ káalẹ́. Ibi ìkówèésí ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Kí Àǹtí tó tú páànù iwájú yẹn, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Sanborn bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìlú ní 1867 fún àwọn adójútòfò iná. Wọ́n ya ilé kọ̀ọ̀kan, iye àjà rẹ̀, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ: pupa rẹ́súrẹ́sú jẹ́ bíríkì, yẹ́lò jẹ́ pákó, búlúù jẹ́ òkúta. Ọ̀pọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Library of Congress, ti Texas sì tún wà ní yunifásítì ní Austin. Ẹ wá ìlú yín, ẹ fi ọdún kan wé èkejì, ẹ máa rí bóyá ilé ìtajà oògùn ni àbí báńkì, àti ìgbà tí wọ́n fi apá ẹ̀yìn kún un. Fún fọ́tò, ẹ wo Portal to Texas History. Fọ́tò ìwọ́de ló dára jù, torí ẹni tó ń ya àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń ya ilé mọ́ wọn láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí páànù kan péré, lókè lápá igun, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nígbà míì gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀ ní pípé. Nígbà míì wọ́n ti gé bèbè òkè kúrò kí páànù lè jókòó dáadáa, wọ́n sì ti lu irin wọnú bíríkì. Tó bá jẹ́ pé irin ni ohun ọ̀ṣọ́ iwájú òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀ òpó ẹnu ọ̀nà bóyá ẹ máa rí orúkọ Mesker. Àwọn Mesker ní St. Louis àti ní Evansville, Indiana, ń ta iwájú ṣọ́ọ̀bù onírin nípasẹ̀ ìwé àtẹ. Oníṣòwò ìlú kékeré á kọ lẹ́tà, reluwé á gbé e wá.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rò: páànù lè jẹ́ kí wọ́n ka ilé náà sí èyí tí kì í ṣe ara ìtàn gbàgede, títí ẹ ó fi fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Páànù tó bá sì ti ju ọdún 50 lọ, tó jẹ́ iṣẹ́ ọnà gidi, àwọn kan máa ní kí ẹ fi í sílẹ̀ torí pé òun náà ti di ìtàn. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn lórí páànù lásán, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó tú u.

Tí lẹ́tà ìpolówó àtijọ́ bá wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́, tó ti ṣá, ẹ má kùn ún, ẹ má sì tún un yà. Bó ṣe wà yẹn ló dára.

Káfíńtà Ọ̀yọ́

Fèrèsé ni tèmi. Àǹtí, igi tí wọ́n fi ṣe fèrèsé 1898, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Igbó àìro ni wọ́n ti gé e, igi tó dàgbà díẹ̀díẹ̀, tí ìlà inú rẹ̀ súnmọ́ra. Ó pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni pẹpẹ ìsàlẹ̀ àti okùn tó ń gbé e lọ sókè. Gé ibi tó jẹrà, fi igi míì rọ́pò rẹ̀, fi pọ́tì tuntun mú gíláàsì, yí okùn padà, kùn ún. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù ooru àti owó iná, ẹ fi fèrèsé kejì sí i láti inú. Oníke tí wọ́n fẹ́ fún yín yẹn, tí àárín gíláàsì méjèèjì bá ti ń yọ èéfín, kò ṣeé tún ṣe, jíjù ló kù.

Gíláàsì kéékèèké tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ó wà lẹ́yìn pákó tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ẹ ṣí i. Òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jíjìn. Aránṣọ nílò ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀dà tó wà níbẹ̀ máa ní òjé nínú, ẹ má yùn ún ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Bíríkìlà Àgbà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ iwájú, ẹ̀yìn ni òjò ti ń wọlé. Òrùlé ni kí Àǹtí kọ́kọ́ ná owó lé. Òrùlé irú ilé yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rọra dà sí ẹ̀yìn, àwọn ògiri tó yọrí kọjá òrùlé sì yí i ká. Ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri yẹn ni omi máa ń gbà wọlé, pẹ̀lú orí ògiri náà tí ìbòrí rẹ̀ bá ti ya. Ẹ gòkè lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ wo gọ́tà ẹ̀yìn àti ibi tí ó ń da omi sí nílẹ̀, kó má jẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó fara tì yín, nítorí ògiri àárín yẹn jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Tí òrùlé tirẹ̀ bá ń jò, ẹ̀yin náà lẹ máa rí ọ̀rinrin rẹ̀.

Kí ògiri gbẹ fún oṣù díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́ inú rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Gbàgede

Mo ti dé ọ́fíìsì ìlú. Òfin ìlú kàn wá, National Register náà kàn wá, obìnrin tó wà níbẹ̀ sì yá mọ́ni. A ṣí páànù kan: bèbè òkè wà níbẹ̀! Ọdún 1898 wà lára rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sí òkúta. Baálé mi tó ń sọ pé ká tà á ti ń ya fọ́tò fún gbogbo ẹbí ní Abẹ́òkúta.

Ó ku ìbéèrè méjì. Ipele àtẹ̀gùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, báwo ni ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ìjókòó ṣe máa wọlé? Ẹ̀ẹ̀kejì, a fẹ́ máa gbé òkè lọ́jọ́ iwájú.

Ará Georgetown

Iṣẹ́ tó bá tó 50,000 dọ́là, ní Texas ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TDLR, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n á yẹ àwòrán wò ní ti àwọn aláàbọ̀ ara. Ilé àtijọ́ lè rí àyè díẹ̀ gbà tí àtúnṣe bá máa ba ohun pàtàkì jẹ́, ṣùgbọ́n ipele àtẹ̀gùn kan ṣoṣo kò tó ohun tí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹnu ọ̀nà irú ṣọ́ọ̀bù yẹn sábà máa ń wọnú, ẹ lè rọra gbé ilẹ̀ àárín gíláàsì méjèèjì sókè kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tàbí kí ẹ lo ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ṣebí igun lẹ wà.

Ti òkè, ọ̀nà àsálà kejì àti ẹ̀rọ tó ń da omi síná ló máa ń gbówó. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé lo ìwé òfin fún ilé tó ti wà, IEBC, kì í ṣe ti ilé tuntun. Orí kan wà nínú rẹ̀ fún ilé àtijọ́ nìkan. Àtẹ̀gùn àtijọ́ tó lọ tààrà láti ìgboro, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o kí ẹ lè fi ibẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù. Láìsí i, òkè ò ní rẹ́nì gbà láéláé.

Àǹtí Akáúǹtì

Ẹ pe adójútòfò yín lónìí. Bi wọ́n bóyá ìwé yín ṣì múlẹ̀ nígbà tí ilé ṣófo, àti bóyá wọ́n máa san iye tí òfin ilé àtijọ́ máa ná yín tí iná bá jó o. Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò ní i.

Jagun Houston

Àǹtí, ẹyẹlé yẹn ńkọ́?

Bíríkìlà Àgbà

Jagun béèrè ohun tó dáa lónìí. Ìgbẹ́ ẹyẹlé gbígbẹ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má gbá a bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ fi omi rin ín kí eruku má sọ, ẹ fi ìbòmú gidi bo imú, ẹ kó o sínú àpò nílọ́ọ̀nù. Tó bá pọ̀ gan-an, ẹ pe àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ dí ihò fèrèsé pẹ̀lú wáyà. Òfin àpapọ̀ ò dáàbò bo ẹyẹlé ìgboro.

Ihò èéfín lẹ máa ṣọ́ra fún. Ẹyẹ dúdú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chimney swift máa ń yé ẹyin sínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òfin 1918 sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìtẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹyin tàbí ọmọ bá wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń fò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà tí òtútù bá ń bọ̀. Ẹ tún ihò èéfín ṣe ní oṣù Kọkànlá.